Kàrímọ́tù Gbé Wifí Pamọ́

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Mùízù ń bá obìnrin náà sọ ló ń dun Kàrímọ́tù, ẹ̀rín tó ń rín sí i ni. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín sí ìyàwó rẹ̀ nílé! Bó bá ti kírun Màgàríbì tán báyìí, á jókòó sí pálọ̀, á gbé fóònù sétí, á ní "Àlájà mi, Àlájà atàtà," á sì bú sẹ́rìn-ín. Kùtọnú ni Àlájà Hàjàrá wà. Òun ló ń fi àwòrán aṣọ tuntun ránṣẹ́, kí Mùízù lè yan èyí tó máa tà ní ọjà Sokodé. Kàrímọ́tù kò rí i rí, ṣùgbọ́n ó mọ irú àwọn Àlájà ìsinsìnyí: ọ̀dọ́bìnrin afínjú, eyín góòlù. Nítorí ẹni yẹn ni Mùízù ṣe gba wifí sílé wọn ní àdúgbò Komah. Òun Kàrímọ́tù tó tẹ̀lé e dé láti Kambolé nígbà tí kò ní ju ẹní kan lọ, tó ń ta àgbàdo sísun kí wọ́n lè rí jẹ, kí ni wọ́n gbà sílé nítorí tirẹ̀?

Lọ́jọ́ kan tó ń gbálẹ̀, ó sọ àpótí wifí náà kalẹ̀ lójú fèrèsé, ó gbé e sílẹ̀ sẹ́yìn àwọn abọ́ irin ńláńlá tó gbé wọlé ọkọ. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Àmọ́ nígbà tó di àṣálẹ́, ohùn Àlájà ń já. Mùízù ń ṣe "Aló? Aló?", ó dìde, ó jókòó, kò gbọ́ ju ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú Kàrímọ́tù dùn, ó sì fi àpótí síbẹ̀.

Mùízù ra mẹ́gà ìntánẹ́ẹ̀tì kún mẹ́gà. Ó pa wifí, ó tún tàn án, ó bú àwọn tó gbé e wá, àwọn aláìṣẹ̀. Owú ò jẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó sú Mùízù, ó mú fóònù, ó lọ sílé Fàdílà, opó ọmọ Tchamba tó ń ránṣọ ní ilé kejì, tí wifí tirẹ̀ ń já fáfá. Ó padà dé, ó ní Fàdílà ní orí kọ́bọ́ọ̀dù lòun gbé tòun sí, kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ irin, kí Kàrímọ́tù, Ìyá Fàwásì, jọ̀ọ́ bá òun wo tiwọn. Kàrímọ́tù ní òun ti wò ó. Irọ́ ni. Ṣé Fàdílà ló máa wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń to ilé òun?

Àfọwọ́fà ọmọ aráyé! Ó wá di pé bí wọ́n bá ti kírun tán, ilé Fàdílà ni Mùízù ń kọrí sí. Ẹ̀rín tí Kàrímọ́tù lé kúrò ní pálọ̀ wá ń fò kọjá ògiri, kò sì jẹ́ ẹ̀rín ẹnì kan mọ́. Kùtọnú jìnnà, ògiri kan ló pààlà láàárín òun àti Fàdílà. Ta ní í ní iná lórí òrùlé tí í sùn? Kàrímọ́tù wọ́ abọ́ kúrò, ó gbé àpótí gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, bí Fàdílà ti wí gẹ́lẹ́, ó ń rojú. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, ó ní kí Bàbá Fàwásì máa bọ̀, wifí ti jí.

Mùízù bá a délé. Ó pe Àlájà, ó ní kí àwọn rí ojú ara wọn lónìí. Àwòrán náà yọ, kò mì rárá: ìyá arúgbó kan, eyín iwájú ti lọ tán, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń pe Kàrímọ́tù ní ìyàwó òun, ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun kí òun rí i. Kàrímọ́tù kúnlẹ̀ kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Nítorí ìyá yìí ló ṣe ń fi owú pa ara rẹ̀ látijọ́! Kó tó gbójú sókè, Mùízù ti gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó ń wá bàtà rẹ̀.

"Bàbá Fàwásì, wifí ti dára. Ibo lẹ tún ń lọ?"

"Mò ń bọ̀. Fàdílà ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè mí."

Ó jáde. Nínú fóònù, ohùn ìyá arúgbó náà ń dún ketekete, ó ń bèèrè ibi tí Mùízù wà.

"Ó lọ jẹun, Màmá," ni Kàrímọ́tù wí.