Kẹ̀kẹ́ Kì Í Sùn Nídìí Ààrò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Saimi ṣì wà láyé. Aulis ọmọ rẹ̀ wà láyé, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Martta ará ilé kejì náà wà, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá sín nínú ilé rẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ láti ojú fèrèsé. Ajá wọn pàápàá wà, ajá funfun kan tó máa ń bá kẹ̀kẹ́ Aulis sáré dé igun ọ̀nà láràárọ̀, tí á sì dá padà wálé fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò sí mọ́ ni Eemeli, ọkọ Saimi. Òun ti lọ láti ìgbà tí Aulis wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Hilkka, ìyàwó Aulis, kò bá Eemeli láyé. Ṣùgbọ́n kò tíì pé oṣù kan tó wọ ilé náà ní ìlú Oulu, lápá àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo ọ̀nà, tó fi mọ bí ọkùnrin náà ṣe kú. Martta ló sọ fún un, nídìí okùn aṣọ sísá.

"Orí afárá ló ṣubú sí, lóṣù kẹwàá. Yìnyín ọdún yẹn tètè dé. Saimi ti ní lọ́jọ́ Sátidé lòun á pààrọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ ọkọ òun sí oníṣòó. Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀nà dì. Ṣé o gbọ́? Má bi í o. Má sì fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ Aulis o."

"Kí ni mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe?"

"Mo kàn ń sọ fún ẹ ni. Ìyàwó tó bá wọ ilé yẹn, ọkọ ni wọ́n fún un. Wọn ò fún un ní kẹ̀kẹ́."

Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ni kẹ̀kẹ́ náà, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ara rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ odò. Aulis ti fi sáré ìje nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tó wá di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bébà, òun náà ló ń gùn lọ, kìlómítà mẹ́sàn-án àlọ, mẹ́sàn-án àbọ̀, lójò, lẹ́ẹ̀rùn, nínú yìnyín. Bí wọ́n bá ní kó ra mọ́tò, á ní, "Mọ́tò yín, tí òtútù bá mú, ṣé ó máa ń jí?" Ẹ̀rín á pa wọ́n, nítorí òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n Saimi ló ni ìtọ́jú kẹ̀kẹ́ náà. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, tí ewé igi ti pọ́n tí kò tíì wọ́ tán, á gbé e wọ ilé pákó tó wà lẹ́yìn ilé. Á fi omi ọlọ́ṣẹ wẹ̀ ẹ́, á fi ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì Eemeli nù ún gbẹ. Á yọ táyà tẹ́ẹ́rẹ́, á fi táyà oníṣòó sí i, èyí tí ìṣó ara rẹ̀ ń gún yìnyín kó má baà yọ̀. Á de mọ́dígáàdì mọ́ ọn kí ẹrẹ̀ má baà ta sí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Á rẹ ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀ níwọ̀n ìbú àtàǹpàkò, kí ẹsẹ̀ lè tètè balẹ̀ bí yìnyín bá fẹ́ fà á. Lẹ́yìn náà á jókòó ti ṣéènì, á máa kán ọ́ìlì sí i ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kán oògùn sẹ́nu ìkókó. Bó bá parí, á ti ilẹ̀kùn pa, á fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há ọrùn, sábẹ́ aṣọ.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni Hilkka ń fẹ́. Kì í ṣe nítorí irin. Ó ti rí i pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé náà, òun ni wọ́n fi ẹ̀mí Aulis lé lọ́wọ́. Ojú Saimi sì ti ń ṣú. Ọ́ìlì tó yẹ kó kán sí ṣéènì, ilẹ̀ ló ń kán sí. Hilkka á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ìyá, ṣé kí n bá yín dì í mú?" Saimi á ní, "Lọ wo kọfí rẹ, kó má hó dànù."

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di oṣù kìíní ọdún kejì. Saimi lọ kí àbúrò rẹ̀, ọjọ́ méjì ló ní òun á lò, ó sì gbàgbé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ lọ́rùn. Nígbà tí Aulis ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣí ilé pákó. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri lóde, yìnyín bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Fi í síbẹ̀," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. Ó gba ilé ìwẹ̀ olóoru lọ, kó lè lọ làágùn.

Hilkka dúró, ó ń wo kẹ̀kẹ́. Ìhà gúúsù ló ti wá, létí òkun, níbi tí òtútù jẹ́ olómi. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ńṣe ló ń gbé e wọlé kó gbẹ. Àánú ṣe é. Ó tún rò ó lọ́kàn pé bí Saimi bá dé tó bá kẹ̀kẹ́ tó ń dán, á gbà pé òun náà mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ló bá gbé e wọ ilé ìdáná. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ nídìí ààrò, ó gbé e kalẹ̀, ó ń nù ún, yìnyín ń yọ́, omi ń kán tó, tó, tó.

Aulis jáde láti ilé ìwẹ̀, ara rẹ̀ pọ́n bí ẹja tí wọ́n sè. Ó rí kẹ̀kẹ́. Ó rí Hilkka lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ìdọ̀tí wà lórí imú rẹ̀. Ó nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó tún fà á padà.

"Ó mà dán o," ló wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òtútù náà ń bu ni ní imú jẹ. Aulis gun kẹ̀kẹ́, ajá tẹ̀lé e dé igun ọ̀nà, ó padà. Kò tíì dé àárín afárá tí ibi ìtẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí yí lásán. Omi ti wọ inú firíwíìlì, ibi tó ń mú táyà kó lè fà, ó sì ti dì síbẹ̀. Aulis ń wa, kẹ̀kẹ́ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Saimi kò tíì bọ́ bàtà tí Martta ti rojọ́ tán fún un. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Aulis, ìwọ ò mọ̀ pé á dì ni?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

"O mọ̀, o tún gbé e jáde?"

"Ẹ ò rí ojú Hilkka lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, Ìyá. Ẹ̀yin náà ò ní lè sọ ọ́."

Hilkka wà nídìí ààrò, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tì í, omijé dé. Ó rò pé ó tán, pé òun àti kọ́kọ́rọ́ yẹn ò tún ní ríra mọ́ láé. Saimi wọlé wá bá a, ó fa àga, ó jókòó.

"Ọdún tí mo kọ́kọ́ fẹ́ Eemeli," ló wí, "mo gbé kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ wọlé. Mo tún fi kúbùsù bò ó."

Hilkka gbójú sókè. "Ṣé ó dì, Ìyá?"

"Ó dì bí òkúta. Eemeli fi ẹsẹ̀ rìn. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò sọ fún mi. Ìyá rẹ̀ ló tú àṣírí." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Saimi, ẹ̀rín tí Hilkka kò gbọ́ rí. "Wàá gbọ́? Kẹ̀kẹ́ ìgbà òtútù, inú òtútù ni ilé rẹ̀. Bó bá wọ inú ooru, á sunkún. Ẹkún yẹn ló máa dì sí i níkùn. Gbọn yìnyín ara rẹ̀, fi í síbi gbígbẹ tó tutù, kó máa sùn. Dìde, mú búrọ́ọ̀ṣì."

Búrọ́ọ̀ṣì ló fún un. Kò fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí oṣù kẹsàn-án bá dé, Hilkka ló ń fi ọwọ́ ṣe é, Saimi ń fi ẹnu ṣe é, lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé pákó. "Oríkèé yẹn, o fò ó." "Mi ò fò ó, Ìyá." "O fò ó. Mo gbọ́ ọ." Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá kú láàárín rẹ̀. Lójoojúmọ́, Saimi ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń tì í.

Lọ́dún kọkànlá, lóṣù kẹta, àyà dun Saimi. Mọ́tò ilé ìwòsàn wá gbé e, Aulis bá a lọ, ó sì sùn tì í níbẹ̀. Nígbà tí Hilkka ń gbálẹ̀ lówùúrọ̀, ó rí ìṣó kan lára férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ìṣó tuntun tí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú kàn, ó wọ́. Kò sí ní ibi gíga tí Saimi tó ga lè máa nawọ́ sí. Ní ọ̀gangan ọwọ́ Hilkka tó kúrú ló wà. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú okùn ọrùn rẹ̀.

Bó ṣe dúró síbẹ̀ ni tẹlifóònù dún. Aulis ni. "Máa bọ̀," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yìnyín ń já, bọ́ọ̀sì kò wá. Martta yọrí lójú fèrèsé, ó ké pé, "O ò ní rí bọ́ọ̀sì kankan lónìí! Gun kẹ̀kẹ́, ìyàwó!" Hilkka ṣí ilé pákó. Kẹ̀kẹ́ wà nínú òkùnkùn, ó tutù, ó gbẹ. Kò gùn ún rí. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà. Ìṣó táyà ń jẹ yìnyín rún-ún, rún-ún. Nígbà tó gun afárá, kẹ̀kẹ́ yọ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì tún ń lọ.

Nílé ìwòsàn, Aulis jókòó ní apá kan bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Hilkka lọ sí apá kejì. Saimi kò ṣíjú.

"Kí lo gùn wá?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, Ìyá."

"Ibo lo fi í sí?"

"Ìta, lára ògiri. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kọ̀ fún un."

Ẹnu Saimi mì, ó fẹ́ jọ ẹ̀rín. Ó wá ọwọ́ Hilkka kàn, ó bá a tó tutù bí irin. Ó fà á wọ abẹ́ kúbùsù rẹ̀, síbi tó lóoru.

"Ọwọ́ tìẹ," ló wí, "ìyẹn ni ká gbé wọlé."

Ibẹ̀ ni ọwọ́ náà wà títí di àsìkò kọfí ọ̀sán, nígbà tí Saimi dákẹ́.