Ilé Tí Mi Ò Bèèrè

Ilé àwọn obìnrin tó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni mo bèèrè, kí èmi àti Carine, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lè jọ wà ní yàrá kan. Ẹ gbọ́ ohun tí Félicien, ọkùnrin tó ń pín yàrá, fi dá mi lóhùn: “Ibẹ̀ ti kún. Ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ilé kan lójú ọ̀nà Kpoulou, ibẹ̀ lo máa gbé.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Carine ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.”

Ó kàn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mi ò dágbére kí n tó jáde.

Yàrá mẹ́rin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nílé náà, èmi nìkan ló sì wà níbẹ̀. Bí tinú ọgbà bá kún lóòótọ́, àwọn tó kù dà? Ìyá Àgbékẹ́, ìyá àgbà tó ni ilé, wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni fẹ́ ra ewúrẹ́ lọ́jà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilẹ̀ mọ́, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá àgbàlá, mo pọnmi, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbékẹ́. Ó ní, “O káre, ọmọ.” Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí a ní ìdánwò, mo sáré jáde láìgbálẹ̀. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ewé ṣì wà nílẹ̀ káàkiri, ìgbálẹ̀ ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Ìyàwó ilé mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀ o! Wọ́n ń wò mí. Mo gbá a. Kí ni ǹ bá ṣe?

Nígbà tí mo sọ fún Carine, ó ní, “Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ta ló ń gbálẹ̀ fún wọn kó o tó dé?”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá Félicien nínú àgbàlá, ó ń jẹun lẹ́bàá Ìyá Àgbékẹ́. Ìyá ní, “Àbíkẹ́yìn mi nìyí. Lọ bu omi wá fún un.” Àṣé ilé ìyá rẹ̀ ló fi mí sí! Mo bu omi náà, mo gbé e kalẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde, mo gun alùpùpù lọ sílé wa ní Tatonnonkon, kí bàbá mi lè gbà mí lọ́wọ́ wọn.

Mo bá bàbá mi, Fákẹ́yẹ, láàárín àwọn aládùúgbò, obì lẹ́nu gbogbo wọn. Ó pariwo, “Ẹ̀bùnọlá! O gbé orúkọ mi ga! Àwọn ará ilé tí ò ń gbé wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n gbé epo wá, wọ́n gbé obì wá. Wọ́n ní o ò fi iṣẹ́ ilé àwọn ṣeré rárá.”

“Ẹ̀yin náà wá jẹ obì wọn?”

“Èèyàn ń kọ obì ọpẹ́ ni?”

Mo sọ ti Félicien fún un. Ẹnu rẹ̀ dúró, kò jẹ obì mọ́. Ó rọra ní, “Háà. Lójú tiwọn, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé, tí bàbá rẹ̀ sì ti jẹ obì wọn, ó ti di ìyàwó ilé nìyẹn.”

“Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, èmi kọ́! Ìwé ni mo lọ kà, mi ò wá ọkọ lọ!”

“Gbogbo àdúgbò ló rí mi, ọmọ mi.”

Alùpùpù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Félicien sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Kò wo ojú mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú bàbá mi.

“Bàbá, ẹ kú ilé. Mo wá mú ìyàwó mi.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ni mo wí.

Bàbá mi wò mí. Ó wo àwọn tó bá a jẹ obì, gbogbo wọn ń retí ohun tó máa sọ. Ó fi ọwọ́ kan Félicien lẹ́yìn, ó ní, “Dìde, ọmọ mi.”