Ògiri, Ògìrì

Ìyádùnní fẹ̀yìn ti ògiri náà, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dínà mọ́ ewúrẹ́.

“Ẹni tó bá máa wó o, kó kọ́kọ́ wó mi.”

Moucharaf, tó fẹ́ mọ ilé tuntun fún wọn, sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ògiri tó ti lanu yìí? Aláǹgbá ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ.”

Abíọ́dún, ọmọ Ìyádùnní, kò rẹ́rìn-ín. Òjò ti wó gbogbo ilé amọ̀ wọn ní Dowa, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́. Ògiri kan ṣoṣo yìí ló ṣẹ́ kù, ó sì ti tẹ̀ sí ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá. “Màámi, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ilé ọba ni? Ilé ìyá mi ni.”

Ohun tó ń dùn ún kò ju ìyẹn lọ. Ìyá rẹ̀ kò ya fọ́tò rí títí ó fi kú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ lọ́kàn Ìyádùnní. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù, lára ògiri yìí. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, ìyá rẹ̀ a po amọ̀, a rẹ́ ògiri, a sì fi ìka fa ilà sí i kó tó gbẹ, ilà tó tẹ̀ bí ìgbì ọ̀sà. Ilà mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́rin, torí àdá ti gé ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà èwe, ìka náà sì kákò, kò nà mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ibi tí ilà kẹrin kò sí yẹn gan-an ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọmọbìnrin kan fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, tí amọ̀ kún ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, màmá. Djamila ni mò ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ògìrì ìyá yín ni mo wá gbà.”

Ìyádùnní wò ó látòkè délẹ̀.

“Ògìrì ìyá mi? Ìyá mi ti kú kí wọ́n tó bí ìyá tìrẹ. Ọbẹ̀ wo lo fẹ́ sè?”

Ẹ̀rín pa Moucharaf títí ó fi jókòó sílẹ̀. Abíọ́dún, tó ti sọ̀rọ̀ ògiri náà fún un tẹ́lẹ̀, ló ṣàlàyé. Nàgó ni baba ọmọ náà, ṣùgbọ́n Kútọnú ló dàgbà sí, Faransé ló fi ń lá àlá. Ògiri ló ń wá. Àtíísì ni, ó ń gba amọ̀ àwọn ilé tó ti wó ládùúgbò, ó ń fi wọ́n mọ ògiri kéékèèké sínú omi létí ọ̀sà, káwọn èèyàn lè wá wò ó.

“Ṣé kó lè pẹ́ níbẹ̀ ni?” Ìyádùnní bi í.

“Rárá, màmá. Kí omi lè gbé e lọ ni.”

“Háà! Ọ̀nà jíjìn báyìí lo ti wá, kóo lè wá bá mi da ilé ìyá mi nù?”

Ojú ti Djamila, ṣùgbọ́n kò dìde. “Àwọn ilé tó wó nínú òjò, màmá, kò sẹ́ni tó sìn wọ́n sọ́nà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí Ìyádùnní létí. Àlejò pàápàá, bó bá ń lọ, à á sìn ín dé ìta. Àwọn tó máa ń wá ya fọ́tò ilé àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èyí ní kó yọ́. Irú iṣẹ́ wo nìyí? Ó fẹ́ mọ̀. Fífẹ́ tó fẹ́ mọ̀ yẹn ló mú apá rẹ̀ wálẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ Abíọ́dún.

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n n ó tẹ̀ lé e débẹ̀. N ó fojú mi rí i.”

Moucharaf gbé ọkọ́. Ìyádùnní di ojú. Nígbà tó là á, ògiri náà kò fọ́ bí ìkòkò. Ó ń ṣí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, ilà mẹ́ta sì wà lójú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ilà lábẹ́ ilà. Ó ti gbàgbé. Ọdọọdún ni ìyá rẹ̀ ń fi amọ̀ tuntun bo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, orin ló sì máa ń kọ bó ti ń bò ó.

Wọ́n fi ọmọlanke kó amọ̀ náà lọ sétí ọ̀sà, wọ́n fẹsẹ̀ pò ó. Djamila mọ ọ́n sínú omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ, títí ó fi ga dé ìbàdí Ìyádùnní.

“Màmá, ẹ bá mi rẹ́ ẹ.”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́ ògiri gbẹ̀yìn, ọmọ mi.”

Síbẹ̀ ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ omi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé amọ̀ tútù náà. Ó rẹ́ ẹ, ó fa ìka. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ilà mẹ́ta ló rí.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àdá kankan kò gé e rí. Ṣùgbọ́n ìka kékeré ti kákò sínú àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní kékeré, ohun tó rí ló ṣe. Ó ti rò pé báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń rẹ́ ògiri.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé ìgbì dìde. Ìdí ògiri rọ̀, omi pọ́n. Abíọ́dún ń wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ẹkún. Ilà àkọ́kọ́ lọ. Ìkejì tẹ̀ lé e.

“Ó ń dùn yín, màmá?” Djamila bi í.

“Kí lo pe ohun tóo wá gbà lọ́wọ́ mi láàárọ̀?”

Djamila fọwọ́ bojú. “Ògìrì. Mo ṣì í pè ni. Ẹ má bínú.”

“O ò ṣì í pè.” Ìyádùnní nawọ́ sí omi tó ti pọ́n dé ibi tí àwọn apẹja so ọkọ̀ mọ́. “Ògìrì tó bá ṣì wà lódindi nínú ọbẹ̀, ẹni tó sè é kò mọ ọbẹ̀ sè.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ nínú ọ̀sà. Ìka kékeré náà ṣì kákò.