Lọ́yà tí Matilda Gbà Ta Ko Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Olúdáre ṣì ń mu ọmú nígbà tí ìyá wọn kú sí Sabon Gari. Matilda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gbé e pọ̀n. Búrẹ́dì tí Matilda ń yan tà ní Ibo Road ló fi rán an níléèwé títí ó fi jáde ní yunifásítì ní Zaria, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń pè é ní ọmọ Matilda.

Ní ọdún 1982, Olúdáre dé pẹ̀lú kóòtù tuntun lọ́rùn. Ó ní òun àtàwọn kan fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ òróró ẹ̀pà sílẹ̀ ní Bompai, pé ẹni tó bá dáwó sí i yóò máa gba èrè lóṣooṣù. Matilda gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìsìn, ó dìde láàárín àwọn obìnrin ìjọ.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ọwọ́ mi ni ọmọ yìí ti dàgbà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Olúdáre kó wọn lọ sí Bompai, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá kan tí ẹ̀rọ ń dún nínú rẹ̀, ó ní, "Tiwa nìyí." Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́, wọ́n sì dáwó fún un. Èrè wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Olúdáre alára kò sì sí nílé.

Àdùkẹ́, ọ̀kan nínú wọn, opó tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè kó tó kú, dá lọ sí Bompai. Mai gadi tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò ó tàánútàánú. "Mama, an cuce ki," ó ní. Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Ará Lẹ́bánóònù kan ló ni ilé náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Àdùkẹ́ kò pariwo. Ó wá jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun Matilda.

"Matilda, n kò mọ Olúdáre. Ìwọ ni mo mọ̀. Ojú rẹ ni mo wò tí mo fi kó owó ìfẹ̀yìntì ọkọ mi sílẹ̀."

 Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Matilda gba ọ́fíìsì Lọ́yà Oyèwùmí lọ, ó sì ro ẹjọ́ náà fún un látòkèdélẹ̀.

"Ta ni ọkùnrin yìí sí yín?" lọ́yà bi í.

"Ọmọ ìyá mi ni."

Oyèwùmí gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. "Mama, ẹ lọ sílé, ẹ tún un rò. Bí mo bá gba ẹjọ́, n kì í fi í sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ̀yin gan-an ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ má wá bá mi lọ́la pé ẹ̀jẹ̀ yín ni o."

"Mo ti rò ó kí n tó wá, sà."

Lóòótọ́ ni Oyèwùmí kò fi í sílẹ̀. Ó wá ará Lẹ́bánóònù náà rí. Ó ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú wọn, títí wọ́n fi mú Olúdáre ní Kaduna tí wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, á tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n dá.

Àgbà ìdílé wọn, Bàbá Gbádégẹṣin, wá láti Yankaba.

"Matilda, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Pa ẹjọ́ yìí rẹ́. Ta ni o ní lẹ́yìn Olúdáre?"

"Bàbá, kò sí. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ náà, ta ló ní?"

Kí ẹjọ́ tó parí, onílé ti lé Àdùkẹ́ jáde nítorí kò rówó ilé san. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Ọ̀fà. Matilda sìn ín dé ibùdókọ̀. Àdùkẹ́ gbọ́n ọwọ́ Matilda kúrò lára àpótí rẹ̀, ó gbé e fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Matilda bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí, Olúdáre ń wò ó láti ibi tó wà. "Sisí mi," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Matilda sọ gbogbo ohun tó mọ̀, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kúrò. Adájọ́ rán Olúdáre ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Wọ́n ta mọ́tò rẹ̀ pín fáwọn obìnrin náà. Kò tó nǹkan.

"A jàre, Mama," Oyèwùmí ní níta.

Matilda gba ọ̀nà ilé lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, Olúdáre kọ̀, kò jáde. Ìgbà kejì, ó jáde, ó ti rù. Wọ́n jókòó títí wọ́dà fi ní àsìkò ti ń tó.

"Ẹ̀yin lẹ gba lọ́yà fún wọn?" Olúdáre bèèrè.

"Èmi ni."

"Ẹ kò gba kankan fún mi."

 Wọ́dà mú Olúdáre wọlé. Nígbà tí Matilda délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ fún.