Ohun Tí Wọ́n Ní Kí N Sọ Nípa Ara Mi

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa ránṣẹ́ pe bàbá mi. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi lákòókò náà, kò lè rìn jìnnà, ló bá rán ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Kíláàsì kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà, nítorí àìsàn ti dá òun dúró sílé rí. Nígbà tó padà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní tíṣà ní kí Bàbá má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí mi, pé orí mi kò gba ìwé, pé kí wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá wo ilẹ̀ títí. Agbára rẹ̀ kò ju kó rán ẹnì kan lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà ọ̀rọ̀ tíṣà gba àròjinlẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ. Wọ́n mú èmi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà.

Èmi kì í gbàgbé nǹkan. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Títí tíṣà yẹn fi kú, n kò kí i. Bí mo bá rí i lọ́nà, màá sọdá sí òdìkejì, kódà bí òjò bá ń rọ̀ tó jẹ́ pé apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ibi tí èèyàn lè yà sí wà. Á gbé ọwọ́ sókè sí mi, èmi á sì wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ìṣó tó wọ́. Ó ránṣẹ́ sí mi nígbà kan pé kí n wá tún ilẹ̀kùn òun ṣe. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé kó lọ wá ẹni tí orí rẹ̀ gba ìwé.

Bí mo ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, títí wọ́n fi ta ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹni tó rà á fẹ́ wó o. N kò rí ibòmíràn gbà, ọjọ́ orí mi sì ti kọjá ti ẹni tó ń ru àpótí irinṣẹ́ kiri àdúgbò. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn ńlá ń wá káfíńtà tí yóò máa tọ́jú ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn. Wọ́n ti máa ń pè mí síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́, nítorí náà mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n fi létà kan tì í, ojú ìwé kan péré, kí n sì mú un wá kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní nínú létà náà ni kí n ti sọ irú ẹni tí mo jẹ́, ìdí tí mo fi fẹ́ iṣẹ́ náà, àti ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ mú mi dípò ẹlòmíràn.

"Bó bá dáa, wọ́n á pè ẹ́," ló wí. "Bí ò bá dáa, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé o wà láyé."

Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ní tèmi, bí ẹnì kan bá bi mí pé ta ni mí, ìjà ló ń wá. Pé kí wọ́n mú mi dípò ẹlòmíràn ńkọ́? Wọ́n kọ́ mi nílé pé ẹlòmíràn ló ń yin èèyàn. Mo jókòó ti tábìlì tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn, mo bẹ̀rẹ̀. Mo kí ọ̀gá ilé ìwòsàn. Mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, bí ó bá ní. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn, mo ṣe àdúrà fún àwọn tó wà lórí ìdùbúlẹ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ojú ìwé ti tán, n kò tíì dórí ilẹ̀kùn.

Mo ya á, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n máa ń fẹ́ mọ ibi tí èèyàn ti ṣiṣẹ́ rí àti ìdí tó fi kúrò níbẹ̀. Èyí rọ̀ mí lọ́rùn. Mo kọ ohun tí ọ̀gá mi àkọ́kọ́ fojú mi rí, àti ti ẹni tó gbé ìfági mi lọ tó ní òun kò rí i, àti ti ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ sórí àga tí mo kàn. Mo kọ ọ́ dáadáa, kò sí èyí tí mo fò.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, kà á dé ìdajì, ó fi ìwé náà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ lẹ ń wá ni àbí ẹ ń pe ẹjọ́?"

Ó ní kí n yin ara mi díẹ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni káfíńtà tó dára jù lọ. Mo kà á síta, ojú tì mí bí ẹni tó jáde láìwọ ṣòkòtò. Ìyàwó mi, tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbójú sókè. Ó ní bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá gbà á gbọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó ní kí n yéé fi ìwé ṣòfò, kí n gba ilé Akọ̀wé lọ.

Akọ̀wé ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n lọ́fíìsì tó ti ṣiṣẹ́, òun ló máa ń ka irú létà bẹ́ẹ̀, tó ń ya èyí tó máa dé iwájú ọ̀gá sọ́tọ̀. Èmi àti òun kò jà. Mo máa ń kí i, mo kàn kì í jókòó nílé rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ìránṣẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n ó jíṣẹ́ tíṣà lọ́jọ́ náà láìkọsẹ̀, n kò sì gbàgbé bí ẹnu rẹ̀ ṣe dán. Ohun tí kò yé mi ni pé nígbà tí tíṣà kú, òun ló sunkún ju àwọn ọmọ olóòkú lọ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo débẹ̀. Ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ ń ha ilẹ̀, ó ti fá sìmẹ́ńtì ní ìlà tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ha bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò sì bẹ̀ mí rí pé kí n wò ó. Èmi náà kò fi lọ̀ ọ́. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó sétí àga.

Ó ka àwọn tí mo ti kọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń ka létà yìí ní òkìtì létà níwájú, ebi sì ń pa á, ìlà tó ṣáájú ló máa fi mọ̀ bóyá òun á ka èyí tó kù. Ó ní kí n má sọ pé mo dára, kí n sọ ohun tí mo ṣe. Kí ni mo ti ṣe nílé ìwòsàn náà? Mo ní kò sí nǹkan gidi, àyàfi ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, tó máa ń dún gbàgà bí nọ́ọ̀sì bá ti wọlé, tí gbogbo ọmọ á jí, tí igbe á sì ta. Mo fá ìdí rẹ̀, mo gbé irin tó fi ń yí sípò, mo kan rọ́bà sétí rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹni ń pa ojú dé ló ṣe ń padé. Iwájú ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń gbà kọjá láràárọ̀ báyìí pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ mi, nítorí wọ́n padà pè mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, n kò rò pé ó tó ohun tí èèyàn ń kọ sínú létà.

"Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo nìyẹn, Bọ̀dá," mo ní.

"Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wá èèyàn fún," ló dá mi lóhùn, ó sì fi í ṣíwájú.

Ó ń kọ, ó ń kà á fún mi. Ó jọ mí lójú. Kò sí ìyìn kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó dà bíi pé wọ́n ń yìn mí, n kò sì mọ ibi tó fi ìyìn náà pa mọ́ sí. Ó wá ku ìlà kan. Ó ní fọ́ọ̀mù ti fi hàn pé n kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí létà kò bá sì sọ ìdí rẹ̀, ẹni tó ń kà á á fi ti inú ara rẹ̀ dí i.

Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí, pé tíṣà ló ní orí mi kò gba ìwé.

Bírò rẹ̀ dúró. Mo rò pé kò gbọ́, mo tún un sọ. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà ha ilẹ̀ gàrà. Nígbà tó padà jókòó, ó ní kí a fi ìlà náà sílẹ̀, pé létà ti tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú. Òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀! Mo ní a kò ní fi í sílẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tó ba tèmi jẹ́. Mo ní bí ọkùnrin yẹn bá ń gbọ́ mi níbi tó sùn sí, kó mọ̀ pé n kò tíì dárí jì í, ilẹ̀ kò sì ní...

"Má ṣépè fún un," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò gbóhùn sókè. "Jọ̀ọ́, má ṣépè fún un mọ́."

Mo bi í pé kí ló kàn án níbẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ sórí létà náà bí ẹni tó ń di nǹkan mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ó sì ń wo sìmẹ́ńtì tí ilẹ̀kùn ti fá.

"Àbúrò mi, tíṣà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni agbára Bàbá ká, kó jẹ́ ìwọ. Ojú ọ̀nà ni mo ti yí i padà. Èmi ni mo sọ pé orí rẹ ò gba ìwé."