Ohun Tí Àlùfáà Sóté Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ka ìtàn Tamini fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa, Tẹ́rọ́tì, ní àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n pa á. Àlùfáà Sóté ló kọ ọ́. Òun ló kọ ìtàn gbogbo àwọn ẹni mímọ́ tí gómìnà pa ní agbègbè wa nígbà inúnibíni sí àwọn Kristẹni. Ó wọ ọkọ̀ lọ sókè lọ sódò lórí Náílì, ó ń bi àwọn opó àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n àtijọ́ léèrè ohun tí ojú wọn rí. Bí a bá ti ka ìtàn náà dé ibi tí Tamini ti fi ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tó sì ń kọrin lọ síbi idà, kò sí obìnrin tí kì í sunkún. Èmi náà máa ń sunkún. N kò mọ̀ pé èmi lọmọ náà.

Kámẹ̀ amọ̀kòkò ló tọ́ mi. Kò fi pamọ́ fún mi pé inú ààrò tí òun fi ń sun ìkòkò lòun ti rí mi, tí eérú bò mí títí dé ìpéǹpéjú. "Ìkòkò tó dáa jù tí mo yọ níbẹ̀ nìyẹn," á wí, á sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé mi síbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tí Kámẹ̀ kú ni Àlùfáà Sóté bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé mi. Ọ̀sán gangan ló máa ń wá, nígbà tí ajá pàápàá ti wá ibòòji lọ. Á jókòó ti òfì tí mo fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, á kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá fún un ní búrẹ́dì àti àlùbọ́sà, á bu díẹ̀ jẹ, á gbàgbé ìyókù sọ́wọ́.

"Bàbá, àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé ẹ fẹ́ fẹ́ èmi opó o," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan.

Kò rẹ́rìn-ín. "Tabẹsi, bá mi wo ẹnu ọ̀nà. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

"Ewúrẹ́ Ìyá Nónà ni."

"Kò sí obìnrin?"

"Obìnrin wo?"

"Èyí tí àyà aṣọ rẹ̀ tutù."

"Omi ló dà sí i lára ni?"

"Omi ọmú ni," ó wí.

Ó wá sọ ọ́. "Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ògiri kan ló wà láàárín ilé wa àti ti Tamini. Láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ogun wá mú Tamini, ó na ọmọ rẹ̀ sí mi láti orí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, 'Sóté, má jẹ́ kó bọ́ o.' Mo ní kò ní bọ́. Mo gbé e sáré. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn mi, ọmọ náà ń ké. Mo rí ààrò ìkòkò kan, mo tì í sínú rẹ̀, mo sá lọ. N kò tilẹ̀ fọwọ́ wo ààrò náà bóyá ó ṣì gbóná."

Ọwọ́ mi kúrò lára òfì.

"Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n pa á létí odò. Mo wà láàárín èrò, mo faṣọ borí. Kò kọrin, Tabẹsi. Irọ́ ni mo kọ. Èmi ló ń pè. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pariwo pé, 'Sóté, ọmọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?' Ọwọ́ lásán ni ǹ bá nà sókè kó rí mi. N kò nà án. Ibi tó ti ń béèrè ni idà ti bá a."

"Ó wá ń bi yín títí dòní?"

"Ojoojúmọ́, ní wákàtí yìí. Kì í bínú. Ìyẹn ló burú jù. Ó ń béèrè bí ẹni tó rò pé n kò gbọ́ ni."

Ó ní òun ti gbà pé ọmọ náà kú, àfìgbà tí òun lọ gbàdúrà fún Kámẹ̀ lórí àìsàn, tí Kámẹ̀ sọ̀rọ̀ ààrò.

Mo lé e jáde. Mo ju búrẹ́dì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè hun nǹkan kan. Ààrò kọ́ ló ń dùn mí. Ìbéèrè yẹn ni, pé ìyá mi kú láìgbọ́ èsì. Lọ́jọ́ kẹrin, ní ọ̀sán gangan, mo lọ bá a nílé.

"Ẹ dìde. Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

A dé etí odò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ. Sóté dúró lẹ́bàá koríko odò.

"Ibo ló wà?"

"Iwájú rẹ. Bí o bá nawọ́, wàá kàn án."

Omi ni mo rí, àti ọkọ̀ kan tó ru koríko gbígbẹ. Ojú ń tì mí, nítorí àwọn afọṣọ ti ń wò wá. Síbẹ̀ mo lanu. "Ìyá mi, mo wà o. N kò jóná. Amọ̀kòkò kan ló tọ́ mi, kò fi oúnjẹ dù mí. Mo ti bímọ méjì."

Sóté ti wà lórí eékún.

"Kí ló sọ?" mo bi í.

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wò ọ́ látorí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ti ìrìn àjò dé."

Sóté fọ ọ̀rọ̀ orin yẹn kúrò nínú ìwé, ó kọ òótọ́ sí i, ó sì fúnra rẹ̀ kà á lọ́jọ́ àyájọ́. Àgbà ìjọ kan fò dìde. "Ẹni mímọ́ wo ni yóò máa pariwo ọmọ bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù?"

"Jókòó jàre," Ìyá Nónà dá a lóhùn. "Ìwọ tí o ò rọbí rí!"

Bíṣọ́ọ̀bù gba pẹpẹ lọ́wọ́ Sóté, ó ní kó má ṣe àlùfáà mọ́. Kò bá a jiyàn. Ó ń kọ ìtàn àwọn ẹni mímọ́ lọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọṣẹ́. Àwọn ìlú kan ṣì ń ka ti àtijọ́, èyí tó lórin nínú, n kò sì bá wọn jà.

Kó tó kú, ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ etí odò yẹn, òun kò rí Tamini mọ́. Mo ti dárí ààrò jì í, mo dárí irọ́ náà jì í. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn: ọgbọ̀n ọdún ló fi rí ìyá mi lójoojúmọ́. Èmi kò rí i lẹ́ẹ̀kan.