Irin Inú Oje Ìgbín

"Ó tán! Mo gbé!" Obìnrin náà pariwo nínú yàrá ìwádìí. Awẹ́ awọ ẹran méjì tó fi oje ìgbín lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á díẹ̀ báyìí, wọ́n sì já wẹ́rẹ́, àfi bíi pé wọn ò pàdé ara wọn rí.

Bẹ́ẹ̀ oje yìí kan náà ni géńdé méjì fà lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò já. Ọ̀gá rẹ̀ ní yàrá ìwádìí yọ̀ ọ́ láyọ̀jù. Ó ti bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀: lọ́la ni wọ́n máa fi oje náà pa ojú egbò ajá arúgbó kan dé, nítorí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ kọjá ohun tí èèyàn ń rán. Bó bá yọrí sí rere, wọ́n á gba obìnrin yìí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìgbín, síṣẹ́ pátápátá.

Kí ló yàtọ̀ lónìí? Ìgbín kan náà ni, irú èyí tí kò ní ìkarahun. Èyí tó fẹ́lẹ́ nínú oje rẹ̀ ló fi ń rìn. Èyí tó ki, tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, òun ló ń lẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ àwọn fọ́nrán tín-ín-tín wà níbẹ̀, irin díẹ̀ sì ń so wọ́n mọ́ra. Bí irin bá ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdè ń pọ̀ sí i.

Irin kẹ̀! Ó rántí. Ó gbàgbé ọ̀bẹ irin tó máa ń fi gbọ́n oje sílé, ike ló fi gbọ́n ọn lónìí. Ó sáré lọ sílé.

Ọkọ rẹ̀, tó ń jó irin, wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wọn nígbà tó dé.

"Bàbá Ìbejì, irin wo lẹ fi rọ ọ̀bẹ tí mo fi ń gbọ́n oje?"

"Irin gidi ni o! Ara ọkọ̀ àtijọ́ ni mo ti gé e. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé, bí kì í bá ṣe tèmi, ìgbín ò lè di dókítà." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀bẹ náà wá, ó fi ẹnu rẹ̀ tó ti dípẹtà hàn án, ó sì ṣàlàyé pé ìpẹtà ọ̀bẹ ló ń wọ inú oje náà. Ẹ̀rín kú lójú ọkùnrin náà.

"Ó ṣáà lẹ̀," ó ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Ìpẹtà ló lẹ̀ ẹ́, Bàbá Ìbejì. Inú egbò la fẹ́ kó o sí."

"Iṣẹ́ ńkọ́? Ọdún wo lo ti ń lé e?"

"Ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Omi lé sójú rẹ̀. Ó ń fẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń fẹ́ oúnjẹ, ó sì ń bẹ̀rù ohun tí ọ̀gá máa sọ. Síbẹ̀ ó tẹ ọ̀gá láago, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Irin?" Ohùn ọ̀gá dún síta. "Ta ló gbé irin fún ẹ?"

"Èmi ni sà. Èmi ni mo wá a. Ẹjọ́ mi ni."

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó na ọwọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Irọ́ ló ń pa. Èmi ọkọ rẹ̀ ni mo rọ ọ̀bẹ, n ò mọ̀ pé ó lè ba nǹkan jẹ́."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Obìnrin náà fẹ́ gba fóònù padà, ọkọ rẹ̀ kọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Bẹ́ẹ̀ ni sà," ló ń wí. "Ẹ má bínú sà." Kò gbé fóònù kúrò létí títí ọ̀gá fi bú u tán.